Difẹ́ńdà ẹni ọdún 37 fẹ́ bá tíímù wa gbá sáà kan: ṣé ká gbà á?

Akọ̀wé Tíímù (Àgbẹ́dẹ, Ìkòròdú), Ọjọ́ Ajé, 7:12 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìgbìmọ̀ wa, ni mo ṣe gbé e wá síbí kí ẹ bá wa dá sí i.

Tíímù àdúgbò ni wá. Líìgì kékeré ìpínlẹ̀ la ń gbá, a kì í ṣe olówó. Sáà tó kọjá, gólì tó wọ àwọ̀n wa pọ̀ jù, kọ́nà àti firíkìkì ló sì ń pa wá jù. Bí bọ́ọ̀lù bá ti gba òkè wá, ṣe ni àwọn ọmọ wa á dúró tí wọ́n á máa wo ojú ara wọn. Sitópà (difẹ́ńdà àárín) méjì la ní, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 19, ìkejì 21. Wọ́n lè sáré, wọ́n lè fò, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn yẹn.

Ẹnì kan wà tí a jọ dàgbà. Ó gbá bọ́ọ̀lù gidi nílẹ̀ yìí, ó tún lọ gbá a ní Kùtọnu. Ó ti wálé báyìí, Ìjẹ̀dẹ̀ ló ń gbé. Ó ní òun fẹ́ bá wa gbá sáà kan. Ọdún 37 ló pè é. Owó tó ń bèèrè kò pa èèyàn: owó ọkọ̀, owó oṣù kékeré, àti pé kí a kọ ọ́ sínú àdéhùn pé òun kò ní jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ti bẹ́ǹṣì yìí gan-an ló ń kọ mí lóminú.

Alága fẹ́ ẹ. Kóòṣì ò fẹ́ ẹ. Èmi wà láàárín. Kí lẹ rí sí i?

Wíńgà Mọ́kànlá, 7:19

Ṣé 37 ti ilé ni àbí 37 ti bọ́ọ̀lù? Ẹ kọ́kọ́ dá wa lóhùn ìyẹn ná. Nílẹ̀ yìí, ẹni 37 ti bọ́ọ̀lù lè ti ní ọmọ ní yunifásítì.

Ọmọ Sábó, 7:31

Wíńgà, yẹ̀yẹ́ ẹ ò ní pa wá. Akọ̀wé, ẹ gbà á kíá kí tíímù mìíràn tó gbà á mọ́ yín lọ́wọ́. Chelsea mú Thiago Silva ní 2020, kò tó oṣù kan mọ́ tó máa pé ọdún 36, wọn ò sì san kọ́bọ̀ fún PSG, tíímù rẹ̀ àtijọ́ ní Faransé, torí àdéhùn rẹ̀ ti tán. Àwọn èèyàn ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún 2021, ife Champions League ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Porto. 2024 ló tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ padà sí Fluminense ní Brazil. Maldini ńkọ́? Ẹni ọdún 38 ni nígbà tí Milan na Liverpool 2–1 ní Áténì ní 2007. Pepe gbá Euro 2024 fún Pọ́túgà lẹ́ni ọdún 41.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Wíńgà Mọ́kànlá, 7:33

Àgbà wà lọ́jà lóòótọ́. Kí wọ́n tó yíjú padà, mo ti gbé ọmọ ọ̀hún sá lọ.

Difẹ́ńdà Àtijọ́ (Ẹ̀pẹ́), 8:05

Ọmọ Sábó, àwọn tó o dárúkọ yẹn, dókítà ń tẹ̀ lé wọn kiri, ẹni tó ń ra wọ́n lẹ́sẹ̀ wà lọ́tọ̀, ẹni tó ń wọn oúnjẹ fún wọn wà lọ́tọ̀. Ọ̀kadà ni tàwa máa gùn láti Ìjẹ̀dẹ̀ wá sí tréníìn. O ò sì sọ ìtàn Silva tán. Ìdíje Premier League tó kọ́kọ́ gbá, nílé West Brom, bọ́ọ̀lù bọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn, gólì ni. 3–0 ni wọ́n fi na Chelsea lọ sí ìsinmi, Chelsea sa gbogbo agbára kó tó di 3–3. Ìgbà tí kóòṣì tuntun, Tuchel, dé ní oṣù kìíní 2021, tó to difẹ́ńdà mẹ́ta sẹ́yìn tó fi Silva sí àárín, ìgbà yẹn lara tó tù ú, torí ẹlòmíì ló ń bá a sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ní Porto tó o sọ yẹn náà, ó ti farapa, wọ́n ti yọ ọ́ kó tó di ìsinmi.

Mi ò sọ pé kí ẹ má gbà á o. Èmi náà gbá sitópà títí mo fi lé lọ́dún 35, mo mọ ohun tó kọ́kọ́ máa ń lọ. Àwọn èèyàn rò pé eré sísá ni. Rárá. Yíyí padà ló kọ́kọ́ ń lọ. Bí o bá kọjú sí bọ́ọ̀lù tí wọ́n wá gbé e gba ẹ̀yìn rẹ kọjá, ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo tó o fi ń yípo látijọ́ á di méjì, á di mẹ́ta. Wíńgà ò nílò ju ìyẹn lọ. Èkejì tó ń lọ ni eré ẹlẹ́ẹ̀kejì: o lè sá ọ̀kan tagbára tagbára, àmọ́ bí wọ́n bá tún gbé òmíì wá kó tó tó ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ ò ní gbọ́ tìẹ mọ́. Ẹ̀kẹta ni òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyẹn ò hàn sí kóòṣì, ìyàwó ilé ló ń rí i.

Ohun tí kì í lọ ni ojú àti ẹnu. Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbé e, àgbà difẹ́ńdà ti mọ ibi tó ń lọ. Á ti sọ fún ọmọ ọdún 19 yẹn pé “bọ́ sọ́tùn-ún”, “mú un”, “má tẹ̀ lé e”. Lórí kọ́nà, ohun tí ẹ nílò gan-an nìyẹn.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ rèé, ẹ fi ara balẹ̀ kà á. Ẹni tó mọ̀ pé òun ò lè sáré mọ́ máa ń fà sẹ́yìn kó tó di pé ewu dé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un, ara rẹ̀ ló ń sọ fún un. Bí òun bá sì ti wà sẹ́yìn ní mítà mẹ́ta mẹ́rin, kò sí wíńgà wọn kankan tó wà ní ọ́fúsáìdì mọ́. Gbogbo wọn ti bọ́. Àwọn tó kù lẹ́yìn á ní láti fà bá a, ilẹ̀ gbayawu á wá ṣí sílẹ̀ láàárín difẹ́ńsì àti mídífíìdì, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa yìnbọn. Torí náà, ìbéèrè mi fún Akọ̀wé: báwo ni kóòṣì yín ṣe ń to ẹ̀yìn? Ṣé wọ́n ń súnmọ́ àárín fíìdì ni, àbí wọ́n ń dúró lẹ́bàá bọ́ọ̀kìsì? Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, kóòṣì jàre. Bó bá jẹ́ ìkejì, Alága jàre.

Bí ẹ bá sì fẹ́ dán an wò, ẹ má wo abala àkọ́kọ́. Gbogbo àgbà ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọgbọ́n gbá abala àkọ́kọ́. Ẹ lọ jókòó wò ó láti ìṣẹ́jú 65 lọ.

Kóòṣì Ọmọdé (Ìmọ̀tà), 8:22

Kò sẹ́ni tó bèèrè ọmọ ọdún 19 yẹn. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ àgbà, àgbà, àgbà.

Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Láti ìgbà tí Ìkòròdú City ti wọ NPFL, líìgì tó ga jù ní Nàìjíríà, ní 2024, ojú gbogbo ọmọ Ìkòròdú ti là pé èèyàn lè ti ibí yìí dé òkè. Ẹ wá mú ọmọ tó ń ṣe àṣìṣe tó sì ń kọ́ ẹ̀kọ́, ẹ fẹ́ jókòó rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní sí lọ́dọ̀ yín lọ́dún tó ń bọ̀. Tí ẹ bá wá a lọ́dún tó ń bọ̀, tíímù ọ̀tá ni ẹ máa bá a. Sáà kan ni ẹ fẹ́ fi gbà yín là, ọmọ tó lè fún yín ní sáà mẹ́ta ni ẹ fẹ́ fi san án.

Ọmọ Sábó, 8:26

Kóòṣì Ọmọdé, ọmọ ọ̀hún ló ń wo kọ́nà bí ẹni ń wo fíìmù. Ta ló máa kọ́ ọ? YouTube?

Kóòṣì Ọmọdé (Ìmọ̀tà), 8:30

Kóòṣì rẹ̀ ló yẹ kó kọ́ ọ. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní kóòṣì nìyẹn.

Goli Ìgbógbó, 8:47

Ẹ jẹ́ kí èmi sọ èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ, torí ẹ̀yìn ni mo máa ń dúró, èmi ni mo ń rí gbogbo rẹ̀.

Tíímù wa gba ẹ̀gbọ́n kan báyìí nígbà kan. Wọ́n mọ bọ́ọ̀lù gan-an, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ àgbà ni wọ́n, ọmọ ẹ̀yìn wọn ni gbogbo wa. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi ló dúró síbi tí kò yẹ, “Kúrò ńbẹ̀!” ló máa jáde lẹ́nu mi, ó ti tán. Ti wọn ńkọ́? Kí n tó pe “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́yìn díẹ̀” tán, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n, mo ti ń lọ gbé e. Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé ara mi, mo pariwo orúkọ wọn gbáà, láìsí ẹ̀gbọ́n níwájú ẹ̀. Wọ́n dá eré dúró, wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ní, “Ìwọ, ta lò ń pè bẹ́ẹ̀ yẹn?” Wíńgà ti gba ẹ̀yìn wọn kọjá nígbà yẹn.

Ohun tó tún burú jù ni pé tí àṣìṣe bá ti ọ̀dọ̀ wọn wá, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ ní yàrá ìmúra. Gbogbo wa á wolẹ̀. Kóòṣì náà á wolẹ̀, torí wọ́n ju kóòṣì lọ lọ́jọ́ orí. Ọmọ ọdún 19 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló máa jẹ gbogbo ẹ̀bi.

Bí ẹ bá máa gbà á, ẹ jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí kó tó wọ jẹ́sì. Kó fúnra ẹ̀ sọ níwájú gbogbo tíímù pé láàárín iṣẹ́jú 90 yẹn, ìnagijẹ ni kí wọ́n máa fi pe òun, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí ẹ jọ̀ọ́. Tó bá di ẹ̀yìn eré, a lè dọ̀bálẹ̀.

Wíńgà Mọ́kànlá, 8:51

Goli, o pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ òótọ́ ni. Àwa tí à ń gbá wíńgà mọ̀ ọ́n. Tíímù tí àgbà bá wà lẹ́yìn wọn, ẹ̀gbẹ́ àgbà la ń gbà, torí a mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé mo ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìta-Ẹlẹ́wà, 9:10

Ẹ kú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù o. Ẹ dá tèmi náà gbọ́.

Kó tó fọwọ́ síwèé, ẹ mú un lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ṣe àyẹ̀wò ECG fún un kí wọ́n wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ẹ yẹ ṣúgà wò pẹ̀lú. Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú ò jìnnà sí yín. Ẹni tó ti lé lọ́dún 35, bí ọkàn bá dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì lórí pápá, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn tó ti ń dí díẹ̀díẹ̀ ló sábà máa ń fà á. Ẹni náà lè máà mọ̀ rárá pé ohunkóhun ń ṣe òun. Tó bá ń gun àtẹ̀gùn tí àyà ń fún un, tàbí tó dákú rí lójú eré, tàbí tí bàbá tàbí àbúrò rẹ̀ kú lójijì lọ́jọ́ orí kékeré, ẹ bi í, kó má fi bò.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbà nìkan. Samuel Okwaraji jẹ́ ẹni ọdún 25 péré nígbà tó ṣubú ní pápá Sùúrùlérè, ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 1989, nígbà tí a ń gbá pẹ̀lú Àǹgólà. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi jù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Torí náà, ẹ kó ọmọ 19 àti ọmọ 21 yẹn náà dání.

Mo tún fẹ́ bi yín: ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà nínú tíímù yín? Bí èèyàn bá ṣubú tí kò mí dáadáa, ẹ má da omi sí i lórí, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu. Kí ẹnì kan pe ọkọ̀, kí ẹnì kan kúnlẹ̀ máa fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ kíákíá, kó má dúró.

Akọ̀wé Tíímù, 9:34

Ẹ ṣeun gan-an, Nọ́ọ̀sì. A ò tiẹ̀ ronú kan ti àyà títẹ̀ yẹn rárá.

Difẹ́ńdà Àtijọ́, ẹ̀yìn wa súnmọ́ àárín fíìdì. Bí kóòṣì ṣe ń gbá a nìyẹn, ó fẹ́ràn kí a máa fún ọ̀tá lọ́rùn. Àmọ́ bí òjò bá rọ̀, fíìdì ilé ìwé tí à ń lò yẹn ò gbà bẹ́ẹ̀. Iwájú gólì méjèèjì ti di iyẹ̀pẹ̀, kò sí koríko ńbẹ̀ mọ́, ó máa ń di ẹrẹ̀. Láti oṣù kẹfà lọ, bọ́ọ̀lù òkè ni gbogbo tíímù ń gbá sí wa.

Ó ti bá wa ṣe tréníìn. Lórí bọ́ọ̀lù orí, kò sẹ́ni tó tó o. Bọ́ọ̀lù ò tíì kúrò nílẹ̀, ó ti dúró síbi tó máa bọ́ sí. Nígbà tí a ń sá eré kúkúrú lọ bọ̀ lọ bọ̀, ó yà sí ẹ̀gbẹ́, ó ní òun fẹ́ so okùn bàtà. Okùn bàtà yẹn pẹ́ kó tó so.

Bàbá Ìwé (Ìkòròdú Gáréèjì), 9:58

O ní Kùtọnu ló ti gbá a kẹ́yìn. Ṣé àwọn ẹ̀yin tó kù rí ọ̀rọ̀ yẹn? Ìwé ni mo máa ń bá àwọn tíímù ṣe, ẹ jẹ́ kí n là yín lóye.

Agbábọ́ọ̀lù tó bá ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíì, ìwé ìyọ̀ǹda ẹgbẹ́ abọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè tó ti ń bọ̀ gbọ́dọ̀ wà kó tó lè gbá. ITC ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe tíímù rẹ̀ àtijọ́ ló ń fún yín lọ́wọ́, kì í sì í ṣe lẹ́tà tí ẹnì kan kọ tó fi òǹtẹ̀ lù. Láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ abọ́ọ̀lù ti orílẹ̀-èdè Benin tí Kùtọnu wà sí ti Nàìjíríà ni, orí ẹ̀rọ FIFA ló sì ń gbà. Bí wọ́n bá fi í gbá láìsí i tí ẹnì kan fi ẹjọ́ sùn, pọ́ìntì yín ló máa lọ sí i.

Èkejì: bó bá jẹ́ pé pròfẹ́ṣọ́nà ló jẹ́ lọ́hùn-ún, tí ẹ̀yin sì fẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí àmátọ̀, òfin FIFA ní ó kéré tán, ọjọ́ 30 gbọ́dọ̀ ti kọjá lẹ́yìn eré tó gbá kẹ́yìn bíi pròfẹ́ṣọ́nà. Bó bá ti wálé pẹ́, ìyẹn ò ní dà yín láàmú.

Ọjọ́ orí tó wà lórí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, ẹ fi wé èyí tó wà nínú ìwé Kùtọnu. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà fi wé e.

Wíńgà Mọ́kànlá, 10:01

Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Fáàni Eagles (Ọ̀dọ̀ Ògùnyan), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ yìí nínú ọkọ̀. Ẹ ti gbàgbé Yobo, difẹ́ńdà Super Eagles? Ife Àgbáyé 2014, ní Brazil, a kó àgbà dání, òun ló gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n wa tí Faransé fi lé wa wálé. Bí àgbà ṣe ń ṣe nìyẹn.

Difẹ́ńdà Àtijọ́ (Ẹ̀pẹ́), 7:15

Fáàni, má pa itàn pọ̀. Pogba ti Faransé ti forí kan tiẹ̀ wọlé ní ìṣẹ́jú 79. Ti Yobo wáyé nígbà tí eré ti fẹ́ tán, 2–0 ló sọ ọ́ dà, òun kọ́ ló kọ́kọ́ fi wá sínú wàhálà. Ṣé o sì rántí bí Yobo ṣe dénú tíímù nínú ìdíje yẹn? Orí bẹ́ǹṣì ló wà nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Iran. Oboabona farapa ní abala àkọ́kọ́, wọ́n pè é wọlé. Iran ò gbá gólì kan sí wa. Bosnia náà ò gbá. Tí kò bá sí àgbà lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ yẹn, ta ni à bá mú wọlé?

Èyí tó kan Akọ̀wé jù rèé. Ní 2013, Yobo ni kápúténì wa ní Ife Áfíríkà ní South Africa. Ní fáínà, Oboabona àti Omeruo ló dúró láàárín ẹ̀yìn, ọmọ ọdún 19 sì ni Omeruo nígbà yẹn. Yobo jókòó, ìgbà tí eré ti ń parí ló wọlé, ó sì gbé ife sókè. Ta ni kóòṣì tó jókòó rẹ̀? Keshi. Keshi tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ kápúténì wa ní Ife Áfíríkà ní Tùnísíà ní 1994, tí kò gbá fáínà tí a fi na Zambia 2–1, tó sì gba ife. Ó ti jókòó síbẹ̀ rí, ìdí tó fi lè ní kí ẹlòmíì jókòó nìyẹn.

Torí náà ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì tí ọkùnrin yìí fẹ́ kí ẹ kọ sínú àdéhùn, ẹ yọ ọ́. Kápúténì Super Eagles jókòó. Ta wá ni ti Ìjẹ̀dẹ̀?

Ọmọ Sábó, 7:22

Àgbà, mo gbà. Ti bẹ́ǹṣì yẹn, ẹ yọ ọ́.

Ọmọ Àgbádárìgì, 9:05

Lọ́dọ̀ wa níbí ní Àgbádárìgì, a gba irú rẹ̀ kan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ò ní wàhálà, ìwà rẹ̀ ni. Ọjọ́ Satidé tí a bá ní eré, ó lè ní òun ní ìnáwó ní Ṣẹ́mẹ̀, òun ò ní lè wá. A ti san owó oṣù fún un, kò sí bí a ṣe fẹ́ gbà á padà. Tréníìn ọjọ́ Ọjọ́rú, á ní orókún ń dun òun. Ọjọ́ tí kámẹ́rà bá wá báyìí, orókún ti san.

Ẹ má san owó oṣù. Ẹ san owó eré kọ̀ọ̀kan. Tó bá gbá, ẹ san. Tí kò bá wá tréníìn, ẹ yọ owó ọkọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i, kí Alága náà fọwọ́ sí i, torí Alága ló sábà máa ń kọ́kọ́ ba irú òfin bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Kóòṣì Ọmọdé (Ìmọ̀tà), 9:20

Tó bá farapa lórí iṣẹ́ yín ńkọ́? Owó eré kọ̀ọ̀kan, tí iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ bá já, ẹ á fi í sílẹ̀ láìsan kọ́bọ̀? Mi ò fẹ́ kí ẹ gbà á, àmọ́ tí ẹ bá gbà á, ẹ má ṣe é bí ohun tí ẹ lò tán tí ẹ jù nù. Ẹ gba ti ìtọ́jú rẹ̀ sọ́rùn.

Ọmọ Àgbádárìgì, 9:27

Ìyẹn náà dáa. Ìtọ́jú lọ́tọ̀, owó eré lọ́tọ̀. Owó tó máa jókòó sílé gbà ni mi ò fẹ́.

Kóòṣì Gan-an, 12:48 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán. Èmi ni kóòṣì tí Akọ̀wé ń sọ. Wọ́n fi línkì ránṣẹ́ sí mi.

Akọ̀wé sọ pé mi ò fẹ́ ẹ, kò sọ ìdí. Mi ò ní nǹkan sí ọjọ́ orí rẹ̀. Gólì kọ́nà tó ń wọ àwọ̀n wa, mo ti wo wọn lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń bọ́ sí pósìtì àkọ́kọ́ (òpó gólì tó súnmọ́ ibi tí wọ́n ti ń gbá kọ́nà), kí ó tó kan àárín tí sitópà dúró sí rárá. Ọ̀tá á sáré wá síwájú, á fi orí yà á, ẹlẹ́yìn á ti í wọlé. Kò sẹ́ni tó dúró síbẹ̀ torí ẹni tí mo ní kó dúró síbẹ̀ ni mídífíìdì wa, tí kì í wá sí tréníìn Ọjọ́bọ̀ torí iṣẹ́. Bí ẹ gbé Maldini wá fún mi tí kò sẹ́ni ní pósìtì àkọ́kọ́, gólì á ṣì máa wọ àwọ̀n wa.

Èkejì, Goli Ìgbógbó ti sọ ọ́ fún mi. Ẹni tó ju mí lọ́jọ́ orí, tí Alága mú wá, tí wọ́n kọ ọ́ síwèé pé kò gbọdọ̀ jókòó. Èmi wá ni kóòṣì kí ni?

Ẹ̀kẹta, Difẹ́ńdà Àtijọ́ sọ òótọ́ nípa fífà sẹ́yìn. Bí mo bá lò ó, mo ní láti sọ gbogbo tíímù kalẹ̀ lẹ́bàá bọ́ọ̀kìsì. Ní ìgbà òjò, mo lè ṣe é, mo tiẹ̀ fẹ́ ṣe é. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lórí fíìdì líle, mi ò ní ṣe é.

Ohun tí mo lè gbà: kó wá, kó máa dúró ti àwọn ọmọ méjèèjì ní tréníìn, kó jẹ́ pé èmi ni mo máa sọ ìgbà tó ń gbá àti ìgbà tó ń jókòó. Ìgbà òjò, tàbí ogún ìṣẹ́jú tó kù tí a bá ti fi gólì kan ṣíwájú wọn tí wọ́n ń da bọ́ọ̀lù òkè sí wa. Ìyẹn ni mo lè lò ó fún.

Difẹ́ńdà Àtijọ́ (Ẹ̀pẹ́), 1:10

Kóòṣì, o ti sọ ọ́. Àmọ́ má dá a sí fún ogún ìṣẹ́jú ìparí nìkan. Àgbà tí ara rẹ̀ ti tutù lórí bẹ́ǹṣì, tí o wá ní kó dìde lójijì, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ já. Tí o bá fẹ́ lò ó bẹ́ẹ̀, jẹ́ kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, kó máa na ara lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti ìgbà tí ìsinmi ti parí. Ó máa jẹ́ kí àwọn èèyàn máa pariwo pé kí o gbé e wọlé, má dá wọn lóhùn.

Akọ̀wé Tíímù, 8:30 ìrọ̀lẹ́

Mo bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ti bẹ́ǹṣì, ó kọ́kọ́ bínú, ó ní ta ló ń sọ pé òun máa jókòó. Mo ka ọ̀rọ̀ Yobo fún un. Ó dákẹ́, ó ní òun máa ronú sí i. Ti ìnagijẹ lórí pápá, ó gbà, ó ní ní Kùtọnu wọn kì í pe òun ní ẹ̀gbọ́n níbẹ̀ náà. Ti àyẹ̀wò ọkàn, ó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun, mo ní Nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ní kí n sọ ọjọ́.

A ní eré ọ̀rẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. A máa fi í sílẹ̀ títí eré á fi tán, ká lè wo láti ìṣẹ́jú 65 lọ bí Difẹ́ńdà Àtijọ́ ṣe wí. A kàn ń wá tíímù tó ní wíńgà tó lè sáré gidi.

Wíńgà Mọ́kànlá, 8:32

Ẹ fún mi ní ọjọ́ àti àkókò. Ẹ má sọ fún un pé èmi ni o.

Bàbá Ìwé, 8:50

Eré ọ̀rẹ́ dáa, àmọ́ ẹ má dúró de àbájáde rẹ̀ kí ẹ tó kọ̀wé lórí ITC. Tí fèrèsé ìforúkọsílẹ̀ bá ti pa dé, bó gbá a bíi Maldini lọ́jọ́ yẹn, orí bẹ́ǹṣì gan-an ò ní lè jókòó sí.

Akọ̀wé Tíímù, 8:53

Ta ni mo máa kọ ọ́ sí ní àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ abọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ ni àbí ti orílẹ̀-èdè?

Bàbá Ìwé, 8:58

Ìpínlẹ̀ ló máa gbé e lọ sókè. Ẹ mú ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ dání, àti orúkọ tíímù tó gbá fún kẹ́yìn bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní Kùtọnu gẹ́lẹ́, má fi tìẹ kọ ọ́.